Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Wà Nínú Rẹ̀? Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Land Cruiser Dísẹ́ẹ̀lì Kan ní Ìbàdàn

Nọ́sù mẹ́fà tí mo rà ní ọjà Àràròmí, ní Géètì, ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí ọkọ̀ mi fún mi. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá oníkalibréṣọ̀n kan lẹ́bàá Ìwó Road kí ó lè bá mi wo bí wọ́n ṣe ń fọ́n epo, kí a tó dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá náà mú ọ̀kan nínú wọn, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó sì bi mí pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ wo lẹ ra èyí fún?" Mo ní Land Cruiser tí ó wà níta yẹn ni. Ó jáde, ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ba wo inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì padà sórí àga rẹ̀. "Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń pè é yẹn kọ́ ló wà níbẹ̀."

Ọdún méjì ni mo ti ń wa ọkọ̀ náà. Mo ti ra ọ́ìlì sí i, mo ti ra fílítà, mo ti pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń rà ní orúkọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò tí Toyota ń pè ní 1HD-T, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́ sára ọkọ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bàbá náà. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì onítáyà mẹ́rin tí ń fà, tí ó ti pẹ́, tí ó sì ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì púpọ̀ kọjá kí ó tó kàn án.

Ohun tí àwo irin sọ

Land Cruiser ìran 80 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1990. Tòkunbọ̀ ni, láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó o wá kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti lẹ "Turbo Diesel" mọ́. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára ògiri irin tí ó pààlà sí àárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, àwo irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kàn mọ́ ọn, HDJ80L sì ni lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ní ìlà ẹ́ńjìnnì, 1HD-T ni wọ́n kọ, àti 4164 cc.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ka àwo yìí yóò rí ìtàn púpọ̀ kà níbẹ̀. Lẹ́tà méjì tí ó ṣáájú J ni ó ń sọ ìdílé ẹ́ńjìnnì: HZJ80 jẹ́ ọkọ̀ tí ó jáde pẹ̀lú 1HZ, HDJ80 jẹ́ èyí tí ó jáde pẹ̀lú 1HD-T, tàbí 1HD-FT bí ó bá jẹ́ ti ìgbà 1995 sí òpin ìran náà, nígbà tí FZJ80 jẹ́ ti ẹlẹ́pẹtiróòlù. L tí ó tẹ̀lé 80 ń sọ pé ọwọ́ òsì ni ìdarí ọkọ̀ wà. R ni ì bá jẹ́ bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lẹ́tà tí ó kẹ́yìn pátápátá ń sọ ibi tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún: W ni ti Yúróòpù, V sì ni ti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó yí Gulf ká. Tèmi parí sí W, ìyẹn sì bá ìtàn ẹni tí ó tà á mu.

Orúkọ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ní bí a ṣe ń tú u. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú ń sọ ìkejì tàbí ìkíní nínú ìdílé, lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ni orúkọ ìdílé, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn dáàṣì ni àbùdá tí wọ́n fi kún un. T ni tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. E ni pé iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà ló ń darí ìfọ́nepo. F tí ó wà nínú 1HD-FT ń tọ́ka sí tọ́ọ̀pù sílíńdà tí ó ní fáàfù mẹ́rin lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, nígbà tí 1HD-T ní 12 péré. Nígbà tí Land Cruiser ìran 100 dé ní 1998, ó gbé 1HD-FTE wá, ẹ ó sì rí i pé orúkọ náà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Orúkọ 1HZ kò ní dáàṣì àbùdá kankan. Ilé iṣẹ́ kò ṣe 1HZ onítọ́bò rí, nítorí náà ẹni tí ó bá rí tọ́bò lára 1HZ, ẹlòmíràn ni ó fi síbẹ̀.

Ohun tí ó wá mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé 1HZ àti 1HD-T jẹ́ ọmọ ìyá. Sílíńdà mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ní, ẹnu sílíńdà àwọn méjèèjì jẹ́ mìlímítà 94, ìrìn písítìnì wọn jẹ́ mìlímítà 100, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ 4164 cc bákan náà. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé "4.2 dísẹ́ẹ̀lì", kò tíì sọ nǹkan kan. 1HZ ń mú agbára ẹṣin bí 130 wá, 1HD-T lé ní 150, ṣùgbọ́n ta ni ó ń wọn agbára ẹṣin lójú títì Bódìjà?

Àwo náà kò purọ́. Ohun tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ ni ó ń sọ, kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò bá títì wa mu mọ́. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ kò ní ọwọ́ òsì, kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Inú kọntéénà ni ó ń bá dé ní òun nìkan, láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ká níbòmíràn, a ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọjà bí iṣu, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti kú yóò sì gbé èyí tí owó rẹ̀ ká.

Fífọ ara bulọ́ọ̀kù

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wà lára bulọ́ọ̀kù, níbi tí wọ́n ti fá irin náà kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kí wọ́n tó lu lẹ́tà sí i. Lára tèmi, ọ̀rá àti iyanrìn ọdún pípẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ọwọ́ lásán kò lè mọ̀ pé ibẹ̀ tẹ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi, tí ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Òjóò, rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó gbé wáyà búrọ́ọ̀ṣì wá. Mo dá a dúró. Wáyà a máa ya irin lára, nọ́ńbà tí a bá sì ti ya lára yóò dà bíi èyí tí a fi ọgbọ́n pa rẹ́ lójú ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹrosínì ni a lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti àkísà. A ń rẹ ẹ́, a ń dúró, a ń nù ún, ó tó ìgbà mẹ́rin.

Nígbà tí irin ti gbẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa ojú rẹ̀, mo sì fi ìka nu èyí tí ó lé lókè kúrò kí ó lè ku kìkì èyí tí ó ti rì sínú ìlà lẹ́tà. Ọmọ iṣẹ́ náà mú tọ́ọ̀ṣì dání láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ni ó ń jẹ́ kí kòtò ní òjìji. Mo na jígí kékeré kan wọ inú àlàfo náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ hàn ni 1, lẹ́yìn náà H, lẹ́yìn náà ohun kan tí ó dà bí S nínú jígí, tí mo sì gbàgbé pé jígí a máa yí nǹkan padà. Ọmọ iṣẹ́ ni ó fi fóònù rẹ̀ ya á ní fọ́tò tààrà. "Bọ̀dá, Z ni o." 1HZ, àti ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí kò jọ èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ mi rárá.

Ọ̀gá mi kò yà á lẹ́nu tó bí ó ṣe yà mí. Ó ní ẹni tí ó ní ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti lè jẹ́ kí 1HD-T rẹ̀ nọ́ọ̀kì. Èyí kì í ṣe àbá lásán, nítorí gbogbo ẹni tí ó ń tọ́jú Land Cruiser ìran 80 ni ó mọ̀ pé bẹ́ríìnì ìdí kọnrọ́ọ̀dù àwọn 1HD-T àkọ́kọ́ kì í tọ́jọ́, àwọn tí ó ní ìmọ̀ a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ké. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò máa wà á lọ títí kọnrọ́ọ̀dù yóò fi yọ ojú síta láti ara bulọ́ọ̀kù. 1HZ kò ní àìsàn yẹn. Ó rọrùn láti rí, ó sì wọ́pọ̀, nítorí òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ Land Cruiser tí àwọn àjọ àti ilé iṣẹ́ ń lò kiri ilẹ̀ Áfíríkà.

Kíìkì sítátà tí kò bá wáyà mu

Ẹ̀rí kejì wá láti ọ̀dọ̀ riwáyà. Kì í ṣe pé a ń wá a. Ọkọ̀ náà ni ó máa ń lọ́ra láti jí láàárọ̀, mo sì ti ń dá bátìrì lẹ́bi. Bátìrì méjì ni ó ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ pé fóótì 24 (24V) ni ọkọ̀ náà ń lò. Bátìrì méjì kò túmọ̀ sí fóótì 24. A lè so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ kí ó ṣì jẹ́ 12, kí agbára rẹ̀ kàn pọ̀ sí i. A sì lè so wọ́n ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé kí ó di 24.

Ìran 80 tí wọ́n ṣe fún ibi tí òtútù ti ń mú, bíi Yúróòpù, a máa ní ètò àrà kan. Iná, rédíò, fáànù, gbogbo rẹ̀ ni fóótì 12 ń gbé, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, rilé ńlá kan yóò so bátìrì méjèèjì ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé kí kíìkì sítátà lè rí fóótì 24, nígbà tí a bá sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, yóò tún wọn pín. Riwáyà bá rilé náà níbi tí ó ti so rọ̀, wáyà rẹ̀ méjì ti já, wọ́n fi ráńbà dúdú wé wọn lórí. Ẹnìkan ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti fẹ́ ní kí ó dá a padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Riwáyà ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ ná, sà." Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó nu ara kíìkì sítátà, ó sì ka ohun tí ó wà lára rẹ̀: 12V. Ká ní a ti so rilé yẹn padà, ojoojúmọ́ ni a ó máa fi fóótì 24 na sítátà tí 12 ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí èyí sọ fún mi ni pé ara ọkọ̀ náà wá láti ibi òtútù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wá láti ibòmíràn tí oòrùn ti ń ràn bíi tiwa, àti pé ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe dé ibi tí ó yọ rilé, kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni. A fi rilé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Riwáyà so bátìrì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, ó pààrọ̀ okùn ilẹ̀ tí ó ti jẹrà, ọkọ̀ sì ń jí ní ẹ̀ẹ̀kan.

Títú u

Ìdí tí mo fi ra nọ́sù tẹ́lẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ń rú èéfín dúdú, ó sì máa ń gbóná. Ní títì tí ó tẹ́, kò sí wàhálà. Bí ó bá ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó, pàápàá ní ọ̀sán tí gò-slò wà ní Bẹẹrẹ, ọwọ́ ìwọ̀n ooru yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, omi inú rédíétọ̀ yóò sì dín láìsí ibi tí ó ń jò. Ẹni tí ó bá ti ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rí mọ ibi tí ìyẹn ń lọ.

Kí a tó tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, mo ní kí ọ̀gá mi yọ tọ́bò ná. Mo ti ń wo ó láti ọdún méjì, n kò sì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Manífóòdù ilé iṣẹ́, èyí tí ń kó èéfín jáde láti inú sílíńdà, jẹ́ irin tí a yọ́ dà, ara rẹ̀ a máa rí ṣákiṣàki, àmì àti nọ́ńbà a sì máa yọrí lára rẹ̀. Èyí tí ó wà lára tèmi jẹ́ paìpù mẹ́fà tí wẹ́dà gé, tí ó tẹ̀, tí ó sì jó pọ̀, orípa iná wẹ́dà sì tò lára wọn bí ìlà ojú. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, n kò ní fi wẹ́dà náà bú. Paìpù tí ọ́ìlì tọ́bò ń gbà padà sísàlẹ̀ jẹ́ ráńbà tí a fi kílíìpù méjì dè mọ́ ẹnu irin kan tí a fi bíràásì lẹ̀ mọ́ ara páànù ọ́ìlì. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárín ọ̀rọ̀ wà níhìn-ín, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀. Nínú 1HD-T, nọ́sù ń fọ́n epo tààrà sórí písítìnì, nítorí náà orí písítìnì rẹ̀ ní kòtò bí àwo ọbẹ̀, ẹnu nọ́sù náà sì ní ihò kéékèèké ju ẹyọ kan lọ. Nínú 1HZ, yàrá kékeré kan wà nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà fún písítìnì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni nọ́sù ń fọ́n epo sí láti ojú ihò kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni iná ti ń ràn, ọwọ́ iná náà ni ó sì ń bù jáde bí iná ẹnu ààrò láti ti písítìnì sísàlẹ̀. Hítà plọ́ọ̀gì rẹ̀ wọ inú yàrá yẹn gan-an. Ara nọ́sù 1HZ ní igun mẹ́fà tí sípánà ń dì mú, a sì ń fi yí i wọ inú irin bí a ti ń yí plọ́ọ̀gì. Ohun tí bàbá oníkalibréṣọ̀n rí láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ó rí igun mẹ́fà níbi tí ì bá ti rí irin tí a fi bóòtì tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí ó ní yàrá kékeré báyìí nílò kí a fún afẹ́fẹ́ mọ́ra gan-an kí epo tó lè gbiná. 1HZ ń fún un di ìdá kan nínú 22 ìwọ̀n tí ó ní tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. 1HD-T ń dúró sí bí 18 àti àbọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé tọ́bò yóò ti bá a fún afẹ́fẹ́ ná kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá wá gbé tọ́bò lé 1HZ lórí, tí ó tún ṣí epo sí i kí agbára lè yọ, ó ń kó ooru jọ sí ibi tí irin ti tín-ín-rín jù lọ, láàárín fáàfù àti ẹnu yàrá náà. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì ń jèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń wo ooru èéfín bí ẹni ń wo ọmọ lójú omi. Tèmi kò ní ohun tí a fi ń wo nǹkan kan.

Nígbà tí tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò, orí písítìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́, wọn kò ní kòtò àwo. Ọ̀rọ̀ tán. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín sílíńdà kẹta àti ìkẹrin. A gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fá irin. Wọ́n dí gbogbo ihò omi rẹ̀, wọ́n rì í sínú àgbá omi, wọ́n sì tẹ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìfófó kan ṣoṣo yọ ní ẹ̀gbẹ́ fáàfù sílíńdà kẹta, ó lọ sókè, òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀. Irin ti sán níbẹ̀. Rédíétọ̀ tí mo rà ní ọdún tó kọjá kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ìjiyàn lábẹ́ igi

Ọ̀gá mi fẹ́ kí a lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó lọ wá ojúlówó 1HD-T, kí ọkọ̀ náà lè padà di ohun tí àwo irin pè é. Ó ní ọkọ̀ tí ó wúwo tó báyìí, tọ́bò ló yẹ ẹ́. Mo gbà pé tọ́bò yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n ó ra 1HD-T tí ẹlòmíràn ti lò, tí n kò mọ iye kìlómítà tí ó ti rìn, n ó tú ìdí rẹ̀ láti pààrọ̀ bẹ́ríìnì kí ọkàn mi tó lè balẹ̀, n ó sì tún so wáyà fóótì 24 padà. Ní ọwọ́ kejì, mo ní bulọ́ọ̀kù 1HZ kan tí ara rẹ̀ yá. A tú ìdérí bẹ́ríìnì kọnrọ́ọ̀dù méjì láti ìsàlẹ̀ kí a lè rí i dájú. Ojú wọn ń dán, kò sí ìlà, kò sí ibi tí bàbà ti yọ. Oko mi ní Àkínyẹlé ni ọkọ̀ náà ń lọ jù, kì í ṣe eré ìje. Mo ní a ó sọ ọ́ di 1HZ pátápátá, bí wọ́n ṣe ṣe é, láìsí tọ́bò. Ọ̀gá mi ní, "Ẹ̀yin lẹ lowó yín, ẹ̀yin lẹ lọkọ̀ yín." Ó sì bínú títí di ọ̀sán.

Ọkọ̀ aládùúgbò

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń dúró de tọ́ọ̀pù sílíńdà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ọgbà. Àlàájì kan tí ó ní Pajero ń bèèrè bẹ́ẹ̀tì táímìnì, èyí tí ń mú kí fáàfù máa ṣí ní àkókò tó yẹ. A ṣí tirẹ̀, 4M40 ni, ìyẹn 2.8, ṣéènì ló sì ń lò. 4D56 tí ó jẹ́ 2.5 ni ó ń lo bẹ́ẹ̀tì. Ó ti ra bẹ́ẹ̀tì náà sílé kó tó wá. Nissan Patrol tí wọ́n ń pè ní Y60 náà rí bẹ́ẹ̀: RD28 onísílíńdà mẹ́fà tí ó jẹ́ 2.8 ní bẹ́ẹ̀tì, TD42 tí ó jẹ́ 4.2 jẹ́ onígíà, ẹni tí ó bá ra bẹ́ẹ̀tì fún un kò ní rí ibi tí yóò fi sí. Lára àwọn Land Rover, ìwọ̀n kò tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, nítorí 200Tdi, 300Tdi, àti Td5 jẹ́ 2495 cc bákan náà. Td5 nìkan ni ó rọrùn, nítorí sílíńdà márùn-ún ni ó ní, ẹni tí ó bá lè kà á yóò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ méjì yòókù wà lójú fáànù bẹ́ẹ̀tì: ẹyọ kan gígùn tí ó yí gbogbo nǹkan ká ni ti 300Tdi.

Títò ó padà

A rí tọ́ọ̀pù sílíńdà 1HZ mìíràn rà, a sì kọ́kọ́ rì í sínú àgbá omi kí a tó san owó. Oníṣòwò náà ráhùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a ṣe é. A rí manífóòdù ilé iṣẹ́ pẹ̀lú lára pàǹtí ọkọ̀ kan ní Àràròmí, ìpata lásán ló bò ó. Gásíkẹ́ẹ̀tì 1HZ kì í ṣe oríṣi kan. Oríṣiríṣi ni ó wà ní nínípọn, a sì ń yan èyí tí ó bá bí orí písítìnì ṣe yọ kọjá ojú bulọ́ọ̀kù tó mu. A fi àago ìwọ̀n wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a lo èyí tí ó yọ jù láti fi yàn. Ọ̀gá mi ní àárín ni gbogbo ènìyàn máa ń rà. Mo fi àmì ti inú ìwé àtúnṣe hàn án, ó wò ó, ó ní ó dára, ó sì rán ọmọ iṣẹ́ padà sí ọjà.

Pọ́ńpù ni bàbá oníkalibréṣọ̀n gbà. Ó bá a pé pọ́ńpù 1HZ gidi ni, kò ní agolo orí tí ń gbọ́ràn sí afẹ́fẹ́ tọ́bò, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yí ìdè epo rẹ̀ wọlé débi pé èdídì tí wọ́n fi dì í ti já. Gbogbo ìgbà ni epo àpọ̀jù yẹn ń lọ, yálà tọ́bò ń fẹ́ tàbí kò fẹ́, ibẹ̀ sì ni èéfín dúdú ti ń wá. Bàbá náà dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó fi èdídì tuntun dì í, ó sì tún ẹnu nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti àtijọ́ ṣe. Nọ́sù tí mo rà ní Géètì? Oníṣòwò náà gbà á padà, ó dá ìdajì owó padà fún mi. Mo gbà á.

Bẹ́ẹ̀tì táímìnì tuntun ni a fi sí i, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ní 100,000 kìlómítà ni ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, iná T-BELT tí ó wà lójú dáàṣìbọ́ọ̀dù sì ń ka ti ara ọkọ̀ ni, kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti yàtọ̀. Mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà kìlómítà sára ìdérí bẹ́ẹ̀tì. Lẹ́bàá rẹ̀ ni mo kọ 1HZ sí, ní lẹ́tà gàgàrà, àti 12V sí ara ìdérí bátìrì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a parí, a gbé e gun Òkè Mápó nígbà méjì láàárín ọ̀sán gangan. Ó lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Máíkírà akérò kan tilẹ̀ yà wá sílẹ̀. Ọwọ́ ìwọ̀n ooru dúró sí àárín, kò mì. Nígbà tí a padà dé Òjóò, omi rédíétọ̀ pé.

Ìwé ni ó kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí ó wà lórí ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara bulọ́ọ̀kù mu, nítorí náà mo ti mú fọ́tò tí ọmọ iṣẹ́ yà, àti rìsíìtì tọ́ọ̀pù sílíńdà, lọ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Mo yọ "Turbo Diesel" kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú okùn ìpẹja tí mo fà láàárín gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Ojú ibẹ̀ ṣì mọ́ ju ìyókù lọ, tí oòrùn bá sì ti ẹ̀gbẹ́ ràn án, ènìyàn ṣì lè kà á. Apẹ́ńtì ní òun yóò bá mi pa á rẹ́ tí mo bá gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.